Ọ̀bẹ Kì í Gbẹ́ Èkù Ara Rẹ̀: Ìtàn Ìlérí Sìgá Tí Kò Léwu

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọ̀bẹ ti wù kí ó mú tó, kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Òwe yìí ni a fẹ́ fi wo ọ̀rọ̀ kan tí ó ń lọ káàkiri àgbáyé lónìí, tí ó sì ti ń wọ àárín àwọn èwe wa díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń ka ìwé yìí, bí ẹ bá rí ohun kékeré kan bíi kálàmù lọ́wọ́ ọmọ yín, tí èéfín tí ń jáde nínú rẹ̀ ń ta sánsán bí ọsàn tàbí máńgòrò, tí ọmọ náà sì wí fún yín pé, "Ẹ má bẹ̀rù, èyí kì í ṣe sìgá," kí ni ẹ ó fi dá a lóhùn? Àwọn kan yóò ní irọ́ ni, sìgá náà ni. Àwọn mìíràn yóò ní òótọ́ ni, kò léwu rárá. Lójú tiwa, ìdáhùn méjèèjì kù díẹ̀ káàtó. Ìtàn ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi léèrè, nítorí pé kì í ṣe òní ni àwọn tí ń ta tábà ti ń sọ fún aráyé pé àwọn ti rí èyí tí kò pani tó ti àná.

Ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní dídín ewu tábà kù kò le láti yé ni. Nikotíìnì ni ohun inú tábà tí ó ń mú kí ara máa bèèrè rẹ̀ lemọ́lemọ́, ṣùgbọ́n èéfín ewé tí ń jó, pẹ̀lú ọ̀dà àti májèlé inú rẹ̀, ni ó ń fa èyí tí ó pọ̀ jù nínú jẹjẹrẹ àti àìsàn ẹ̀dọ̀fóró. Nítorí náà ni àwọn kan fi ń wí pé bí ẹnì kan kò bá lè fi sìgá sílẹ̀, kí á fún un ní nikotíìnì láìsí èéfín. Ó dà bí ìgbà tí a bá ní kí ọlọ́kadà dé akoto: akoto kò ní kí ó má ṣubú, ṣùgbọ́n bí ó bá ṣubú, orí rẹ̀ lè là á já. Èrò yìí kì í ṣe èrò burúkú. Ṣùgbọ́n ẹ kò ní gbàgbé pé ní ọdún 2009, nígbà tí ìjọba tẹra mọ́ òfin akoto ní Nàìjíríà, àwọn ọlọ́kadà kan gbé igbá dé orí kí ọlọ́pàá lè fi wọ́n sílẹ̀. Lójú ẹni tí ó wà ní òkèèrè, igbá àti akoto jọ ara wọn. Ìgbà tí orí bá kan títì ni a tó mọ̀yàtọ̀. Ìbéèrè tí ó wà nídìí ìtàn yìí látòkè délẹ̀ nìyẹn: ta ni ó yẹ akoto náà wò kí wọ́n tó gbé e dé wa lórí?

Asẹ́ ìdí sìgá

Ní ọdún 1950 ni àṣírí bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Richard Doll àti Austin Bradford Hill gbé ìwádìí jáde. Ní Amẹ́ríkà, Ernst Wynder àti Evarts Graham ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Ohun tí àwọn méjèèjì rí kò yàtọ̀: amusìgá ni èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ń bá fínra. Ẹ̀rù ba àwọn ènìyàn, ọjà sì fẹ́ dà rú. Ní oṣù kejìlá ọdún 1953, àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ sìgá ńláńlá ní Amẹ́ríkà pàdé ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní ìlú New York. Nígbà tí ó di ọjọ́ kẹrin oṣù kìn-ín-ní ọdún 1954, wọ́n gbé ìkéde kan sínú ìwé ìròyìn tí ó ju 400 lọ. Wọ́n ní ìlera àwọn ènìyàn ni ó jẹ àwọn lógún ju ohunkóhun lọ, àti pé àwọn yóò fi owó ṣe ìwádìí láti mọ òtítọ́. Bí ọ̀bẹ ṣe dìde láti gbẹ́ èkù ara rẹ̀ nìyẹn. Ohun tí ó tẹ̀lé ìkéde náà ju ogójì ọdún lọ, tí wọ́n fi ń da iyèméjì sí àwọn ènìyàn nínú.

Ní àkókò yẹn gan-an ni asẹ́ ìdí sìgá gbòde. Ní ọdún 1950, sìgá tí ó ní asẹ́ kò tó nǹkan ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1960, ó ti tó nǹkan bí ìlàjì gbogbo sìgá tí wọ́n ń tà níbẹ̀. Àwọn ènìyàn rò pé asẹ́ yóò sẹ́ ikú kúrò nínú èéfín bí a ti ń sẹ́ èérí ògì. Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀kan nínú wọn. Ní ọdún 1952, iléeṣẹ́ Lorillard gbé sìgá Kent jáde, wọ́n sì polówó asẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ààbò tí kò lẹ́gbẹ́. Asbestos aláwọ̀ búlúù wà nínú asẹ́ náà, ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń fa jẹjẹrẹ! Ó tó ọdún 1956 kí wọ́n tó yọ ọ́ kúrò. Ìwádìí kan tí ó jáde ní ọdún 1989 lórí àwọn òṣìṣẹ́ tí ó ṣe asẹ́ náà fi hàn pé àìsàn tí asbestos ń fà ti pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Igbá ni wọ́n gbé dé àwọn ènìyàn lórí, wọ́n sì pè é ní akoto.

Sìgá fẹ́ẹ́rẹ́

Nígbà tí ọ̀rọ̀ asẹ́ kò mú àwọn ènìyàn lọ́kàn mọ́, wọ́n gbé sìgá fẹ́ẹ́rẹ́ dé, èyí tí wọ́n ní ọ̀dà inú rẹ̀ kéré. Láti ọdún 1967 ni àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń bójú tó òwò ti ń fi ẹ̀rọ wọn ọ̀dà àti nikotíìnì inú sìgá. Ẹ̀rọ náà yóò fa sìgá bí wọ́n ti ṣètò rẹ̀, yóò sì ka iye ọ̀dà tí ó rí. Àwọn oníṣẹ́ sìgá wá dá ihò wínníwínní sí ara asẹ́ kí atẹ́gùn lè máa wọlé láti ẹ̀gbẹ́. Bí ẹ̀rọ bá fà á, atẹ́gùn pọ̀, èéfín kéré, òǹkà sì wálẹ̀. Ṣùgbọ́n ènìyàn kì í ṣe ẹ̀rọ. Ẹni tí ara rẹ̀ ń bèèrè nikotíìnì yóò fa á jinlẹ̀ sí i, yóò fa á lemọ́lemọ́, ìka tàbí ètè rẹ̀ yóò sì bo ihò náà láìmọ̀. Ohun tí ẹ̀rọ kò rí, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ń rí i.

Ní ọdún 2001, iléeṣẹ́ ìwádìí jẹjẹrẹ ti ìjọba Amẹ́ríkà gbé ìwé ńlá jáde tí ó fi hàn pé sìgá fẹ́ẹ́rẹ́ kò dín àrùn kù fún àwọn tí ó yà sí i. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2003 ni àwọn orílẹ̀-èdè inú Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti fòfin dè é pé kí ẹnikẹ́ni má kọ ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sára páálí sìgá mọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2006, Adájọ́ Gladys Kessler ní ìlú Washington dá ẹjọ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà pè ní ọdún 1999. Ìdájọ́ náà ju 1,600 ojú ìwé lọ. Ó ní àwọn iléeṣẹ́ náà ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tan aráàlú jẹ, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n jẹ́wọ́ òtítọ́ ní gbangba. Wọ́n pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn títí, ó di oṣù kọkànlá ọdún 2017 kí ìjẹ́wọ́ náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú ìwé ìròyìn àti lórí tẹlifíṣọ̀n. Ọdún mọ́kànlá gbáko! Mélòó ni ó ti kú láàárín ìgbà náà?

Àwọn tí ó rò ó dáadáa

Bí ìtàn náà bá parí síbẹ̀, yóò rọrùn láti wí pé ẹ̀tàn ni gbogbo ọ̀rọ̀ dídín ewu kù. Kò parí síbẹ̀. Ní ọdún 1976, dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Michael Russell, kọ̀wé pé nikotíìnì ni ó ń mú kí ènìyàn mu sìgá, ṣùgbọ́n ọ̀dà ni ó ń pa wọ́n. Kì í ṣe oníṣẹ́ sìgá, aláìsàn ni ó ń tọ́jú. Ní Sweden, Ove Fernö àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní iléeṣẹ́ oògùn kan ti ń wá ọ̀nà àtiran amusìgá lọ́wọ́, wọ́n sì ṣe ṣingọ́ọ̀mù tí nikotíìnì wà nínú rẹ̀. Switzerland gbà á wọlé ní ọdún 1978, Amẹ́ríkà gbà á ní ọdún 1984. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bí wọ́n ti ń yẹ oògùn wò kí ó tó dé ọ̀dọ̀ aláìsàn, títí di òní ni ó sì wà lára ohun tí àwọn dókítà fi ń ran àwọn tí ó fẹ́ jáwọ́ lọ́wọ́.

Ní Sweden yìí kan náà, tábà kan wà tí wọ́n ń pè ní snus, tí wọ́n ń fi sí abẹ́ ètè bí àwọn àgbà tiwa ti ń fi aṣáárà sẹ́nu. Ìṣọ̀kan Yúróòpù fòfin de títà rẹ̀ ní ọdún 1992. Nígbà tí Sweden wọ ìṣọ̀kan náà ní ọdún 1995, wọ́n yọ̀ǹda tirẹ̀ fún un. Lónìí, Sweden wà lára àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí sìgá mímu ti kéré jù lọ. Owó orí àti òfin kópa níbẹ̀, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn onímọ̀ gbà pé snus náà kópa, pàápàá láàárín àwọn ọkùnrin. Bẹ́ẹ̀ ni kò wí pé snus kò léwu, nítorí ó ń mú ènìyàn lẹ́rú bí sìgá ti ń mú un.

Sìgá oníbátìrì dé

Ní ọdún 2003, apòògùn ilẹ̀ Ṣáínà kan, Hon Lik, tí òun fúnra rẹ̀ ń mu sìgá, tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró sì pa bàbá rẹ̀, ṣe ohun kan tí ó ń fi bátìrì gbé omi nikotíìnì gbóná títí yóò fi di èéfín. Ewé kankan kò jó nínú rẹ̀. Sìgá oníbátìrì tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní fépù nìyẹn.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2015, àjọ ìlera ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde pé ewu rẹ̀ fi nǹkan bí ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti sìgá. Kò pẹ́ tí ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet fi bẹnu àtẹ́ lù ú pé ìpìlẹ̀ tí wọ́n gbé òǹkà náà kà kò lágbára tó. Ẹ wò ó bí àwọn dókítà ṣe ń yẹ òṣùwọ̀n ara wọn wò ní gbangba. Ohun tí kò ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1954 nìyẹn. Ní ọdún 2019, ìwádìí kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí ènìyàn 886 fi hàn pé lẹ́yìn ọdún kan, ènìyàn 18 nínú 100 tí wọ́n fún ní sìgá oníbátìrì ni kò mu sìgá mọ́, nígbà tí ti àwọn tí wọ́n fún ní ṣingọ́ọ̀mù àti irú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 10. Èrè gidi ni fún amusìgá.

Ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà, àwọn tí kò mu sìgá rí ni ó kó sí i. Ní ọdún 2015 ni JUUL jáde, ó kéré, ó sì ní adùn èso. Ní oṣù kejìlá ọdún 2018, Altria, tí ó ni sìgá Marlboro ní Amẹ́ríkà, san bílíọ̀nù 12.8 dọ́là fún ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún iléeṣẹ́ náà. Nígbà tí ó fi di ọdún 2019, ó ju ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga sẹ́kọ́ńdírì ibẹ̀ tí ó ń fa sìgá oníbátìrì. Ní ọdún náà, àìsàn ẹ̀dọ̀fóró kan bẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí ó fi di oṣù kejì ọdún 2020, ó ti gbé ju 2,800 lọ sí ilé ìwòsàn, ó sì ti pa 68. Òróró fítámìn E tí wọ́n lú mọ́ èròjà igbó ni àwọn olùwádìí rí pé ó fa èyí tí ó pọ̀ jù, kì í ṣe nikotíìnì. Ẹ jẹ́ kí a sọ èyí bí ó ti rí, nítorí a kò lè bá onírọ́ jà kí a sì fi irọ́ ṣe ohun ìjà. Ìjọba dìde, wọ́n gbé ọjọ́ orí ẹni tí ó lè ra tábà sí ọdún 21, ìpolówó àti adùn èso wọ wàhálà, nígbà tí ó sì di ọdún 2024, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga tí ń lò ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 8 nínú 100.

Ìlú kọ̀ọ̀kan àti òfin rẹ̀

Ẹni tí ejò bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Ìdí nìyí tí òfin àgbáyé kò fi dọ́gba. India fòfin de sìgá oníbátìrì pátápátá ní ọdún 2019. Brazil ti ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2009, ó sì tún un tẹnu mọ́ ní ọdún 2024. Australia ní ilé oògùn nìkan ni ó lè tà á. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fi í ran amusìgá lọ́wọ́, síbẹ̀ ó fòfin de èyí tí a ń lò sọnù láti oṣù kẹfà ọdún 2025. Japan kò jẹ́ kí á ta omi nikotíìnì bí ọjà lásán, ṣùgbọ́n ó gba tábà tí wọ́n ń gbé gbóná láìjó láyè láti ọdún 2014, títà sìgá níbẹ̀ sì ti dín kù gidigidi láti ìgbà náà.

Ó yẹ kí a bi àwọn kan nínú ìjọba wọ̀nyí léèrè: ṣé a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá? Ní India tí ó fòfin de oníbátìrì, sìgá oníná ṣì wà lórí àtẹ, iléeṣẹ́ adójútòfò ti ìjọba sì ní ìpín nínú iléeṣẹ́ sìgá tí ó tóbi jù níbẹ̀. Ìjọba Japan ni ó ni ju ìdá kan nínú mẹ́ta iléeṣẹ́ Japan Tobacco lọ. Ní Ṣáínà, ìjọba gan-an ni oníṣòwò sìgá. Nítorí náà kì í ṣe iléeṣẹ́ nìkan ni ọwọ́ rẹ̀ lè wà nínú òṣùwọ̀n.

Àdéhùn àgbáyé lórí tábà, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ọwọ́ sí ní ọdún 2003, tí ó sì fìdí múlẹ̀ ní ọdún 2005, dárúkọ dídín ewu kù nínú àlàyé rẹ̀ lórí iṣẹ́ ìdarí tábà, ṣùgbọ́n kò sọ bí a ó ti ṣe é. Ohun tí ó sọ yékéyéké, nínú abala 5.3, ni pé kí ìjọba má jẹ́ kí èrè iléeṣẹ́ tábà wọ inú òfin ìlera. Ní ọdún 2017, Philip Morris International ṣèlérí nǹkan bí 80 mílíọ̀nù dọ́là lọ́dọọdún fún ọdún 12 láti dá àjọ kan sílẹ̀ tí yóò fòpin sí sìgá, Derek Yach, tí ó ti ṣiṣẹ́ lórí àdéhùn náà rí, ni wọ́n sì fi ṣe olórí. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ìjọba kankan má bá a dòwò pọ̀. Iléeṣẹ́ náà wí pé òun fẹ́ fi sìgá sílẹ̀, òótọ́ sì ni pé ní ọdún 2023, ó ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó tí ó wọlé fún un tí ó ti ara ọjà tí kò ní èéfín wá. Ṣùgbọ́n ní ọdún kan náà, ó ta ju bílíọ̀nù 600 igi sìgá lọ. Ìṣòro òwò wọn nìyẹn: owó sìgá àtijọ́ ni wọ́n fi ń kọ́ ilé tuntun, ta ni yóò kọ́kọ́ wó ilé tí ó ń sùn?

Ọ̀nà kan wà tí ó jọ pé ó tọ́. Ní oṣù keje ọdún 2020, àjọ FDA tí ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà gbà kí iléeṣẹ́ náà wí pé ẹni tí ó bá fi sìgá sílẹ̀ pátápátá fún tábà gbígbóná tí ń jẹ́ IQOS yóò bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ májèlé. Ṣùgbọ́n wọn kò gbà kí ó wí pé àrùn yóò dín kù, nítorí wọn kò rí ẹ̀rí ìyẹn. Iléeṣẹ́ mú ẹ̀rí wá, ẹlòmíràn wọ̀n ọ́n, wọ́n sì gbà á dé ibi tí ẹ̀rí dé. Ọ̀nà náà lọ́ra, ó sì wọ́n: oṣù kẹwàá ọdún 2021 ni FDA tó fọwọ́ sí sìgá oníbátìrì àkọ́kọ́, nígbà tí ayédèrú ti kún ọjà.

Ọ̀dọ̀ tiwa ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Òṣogbo ni wọ́n ti dá iléeṣẹ́ sìgá àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà sílẹ̀ ní ọdún 1933, ti Ìbàdàn sì tẹ̀lé e ní ọdún 1937. Ní ọdún 2003, British American Tobacco ṣí iléeṣẹ́ tuntun sí Ìbàdàn. Òfin ìdarí tábà ọdún 2015 ní kí ẹnikẹ́ni má ta tábà fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, kí wọ́n má sì máa tú sìgá tà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wa ni a mọ ohun tí à ń rí ní ẹnu ọ̀nà àdúgbò. Ní oṣù kejìlá ọdún 2023, àjọ FCCPC tí ń dáàbò bo oníbàárà kéde pé British American Tobacco yóò san 110 mílíọ̀nù dọ́là lórí ẹ̀sùn títẹ òfin ìdíje òwò àti ti ìdarí tábà lójú; ìfohùnṣọ̀kan ni wọ́n fi parí rẹ̀. Ìyẹn fi hàn pé àjọ tiwa náà lè mú òṣùwọ̀n bí ó bá fẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá wí pé ohun ọwọ́ òun kì í ṣe sìgá, ẹ má ṣe purọ́ fún un pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Bí ó bá ṣàwárí pé ẹ purọ́, kò ní gbọ́ tiyín mọ́. Ẹ sọ fún un pé akoto ọlọ́kadà wà fún ẹni tí ó ti gun ọ̀kadà. Ẹni tí ó wà nílẹ̀ kò ní ìdí tí yóò fi gùn ún kí ó lè dé akoto. Nikotíìnì ń mú èwe lẹ́rú, ó sì ń ṣe ọpọlọ tí ó ṣì ń dàgbà ní jàǹbá. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń mu sìgá, ẹ lọ bá dókítà, ìrànlọ́wọ́ wà. Ẹ má ṣe fi ohun tí a ṣèlérí lórí páálí ṣe oògùn. Ẹnikẹ́ni tí ó bá sì gbé ohun tuntun kan wá tí ó ní kò léwu, ẹ bi í léèrè ẹni tí ó wọ̀n ọ́n. Bí ó bá jẹ́ ẹni tí ń tà á nìkan ni ó wọ̀n ọ́n, ẹ rántí asẹ́ Kent.